Etí Aṣọ Ni Mo Fi Mọ̀ Ọ́n

Lọ́dún tí Màmá Àgbà gbàgbé orúkọ mi, wọ́n ṣì ń hun aṣọ. Mo wá sí Kàbà láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Òkun o, Màmá." Wọ́n dáhùn, "Òkun o, ọmọ mi," wọ́n sì bi mí pé ọmọ ta ni mí. Èmi tí wọ́n pọ̀n títí mo fi lé ní ọdún mẹ́ta. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ bàbá mi dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n tún béèrè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó sídìí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri, ọwọ́ wọn kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọ̀tún ti òwú gba àárín òwú òró kọjá, ọwọ́ òsì gbà á, apàsà bọ́ sílẹ̀, pà, pà, òwú ìbú náà sì jókòó sí ibi tó yẹ ẹ́. Ọmọ Bùnú ni Màmá Àgbà kí wọ́n tó wá fẹ́ ọkọ sí ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá sì mọ àwọn obìnrin Bùnú mọ òfì tí wọ́n ń gbé dúró ṣánṣán yìí. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Nígbàkígbà tí òwú bá dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún un, wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á wò ó kí wọ́n tó padà. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Etí ni aṣọ. Bí etí bá bàjẹ́, kí lo fẹ́ fi rán an mọ́ èkejì?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kíjìpá kì í fẹ̀ tó ìró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abala kan ni wọ́n ń hun, wọ́n á wá rán etí abala kan mọ́ etí abala kejì, títí yóò fi di aṣọ ńlá. Mo ti ń ṣe ìwádìí lórí àrùn tó ń ṣe Màmá Àgbà, àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, fún ọdún kan àtààbọ̀ nígbà yẹn, mo ti ka ìwé, mo ti lọ sí ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Nílé wa, a máa ń sọ pé àgbàlagbà ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí a rò pé bí ọjọ́ orí ṣe rí náà nìyẹn. Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Alois Alzheimer dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tó ti ń tọ́jú láti 1901, nígbà tí obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 51. Àwọn ìdì kan wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, okùn tó lọ́ pọ̀ sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ó tó 1984 kí àwọn olùwádìí méjì, Glenner àti Wong, tó yọ ohun tó wà nídìí àwọn ìdì yẹn jáde: ẹyọ èròjà kékeré kan tí a mọ̀ lónìí sí amyloid-beta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Èròjà amúaradàgbà jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni a ń pè ní amínò ásíìdì. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá pọ̀ lórí okùn, a máa ń pè é ní pẹ́pútáìdì. Gbogbo wa ni a ní amyloid-beta lára, àti ẹni ọdún 20, àti ẹni ọdún 90. Èròjà gígùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù méjì bíi àlùmọ́gàjí á gé e níbi méjì, ohun tó bá já bọ́ láàárín ni amyloid-beta. Ìlẹ̀kẹ̀ 40 ló máa ń ní, tàbí 42. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì péré ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n oní-42 ló máa ń yára di mọ́ ara wọn jù.

Bí wọ́n ṣe ń di mọ́ra náà ni ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà. Ẹyọ kan á nà gbọọrọ, á ní etí méjì bí abala kíjìpá. Etí rẹ̀ á mú etí èkejì, èkejì á mú ẹ̀kẹta, títí yóò fi di okùn gígùn tí a kò lè fi ojú lásán rí. Ibi tí wọ́n ti ń di ara wọn mú jù ni ìlẹ̀kẹ̀ kẹrìndínlógún sí ogún. Àwọn onímọ̀ a máa fi lẹ́tà márùn-ún kọ ọ́: KLVFF. Láti lẹ́tà kejì lọ, irú ìlẹ̀kẹ̀ tó kórìíra omi bí epo ni wọ́n, wọn a máa wá ara wọn kiri kí wọ́n lè sá fún omi.

Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Sweden fi hàn pé bí o bá ṣe ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún yìí nìkan, yóò lọ dì mọ́ ibi kan náà lára amyloid-beta. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí: mú abala kékeré, jẹ́ kó di etí ńlá mú, okùn kò ní gùn mọ́. Mo po KLVFF sínú omi tó ní iyọ̀ díẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ kí n lè rí i bó ṣe máa pẹ́ tó. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ki nínú ọpọ́n bí ẹ̀kọ tí kò tíì jiná. Òun fúnra rẹ̀ ti di okùn. Etí méjèèjì ni tirẹ̀ náà ní, kí ló fẹ́ dá a dúró?

Èyí ni mo gbé délé lọ́kàn nígbà tí mo wá kí Màmá Àgbà. Bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n fún etí aṣọ yẹn, mo mọ̀ pé ohun tí mò ń wá ni abala tó ní etí kan tó dára àti etí kan tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀.

Ẹlòmíràn ti rò ó ṣáájú mi, n kò ní purọ́. Claudio Soto àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti gbé ọ̀kan jáde ní 1998, LPFFD, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ń jẹ́ proline sínú rẹ̀. Proline kì í jẹ́ kí okùn nà gbọọrọ, ó máa ń ká a lọ́rùn. Ọ̀nà kejì ni èyí tí mo fẹ́ràn: níbi tí háídírójìn máa ń wà létí ìlẹ̀kẹ̀, tí aládùúgbò fi ń dì í mú, a yọ ọ́, a fi ìdì kékeré tó ní kábọ̀nù kan dípò rẹ̀. Bí a bá fi sí ìlẹ̀kẹ̀ kan, tí a fo èyí tó tẹ̀ lé e, tí a tún fi sí ẹ̀kẹta, etí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á bọ́ sí. Etí yẹn ti di dídán. Etí kejì ṣì wà bó ṣe wà. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe pẹ́pútáìdì gan-an mọ́, ó kàn fi ara jọ ọ́ ni.

Ṣíṣe é le. Bruce Merrifield ló kọ́ ayé láti 1963 bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ yìí lórí hóró ike kékeré: fi ọ̀kan sí i, fọ̀ ọ́, ṣí ojú rẹ̀, fi èkejì sí i, fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìdì kábọ̀nù yẹn bá ti wà níbẹ̀, àyè há, ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn kì í fẹ́ wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé tèmi sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo, òkè méjì ló yọ dípò ẹyọ kan. Èkejì fúyẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n valine kan gẹ́lẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí lẹ́tà V dúró fún. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kò wọlé sí ìdajì ohun tí mo ṣe. Mo tún un ṣe, mo fi valine sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Mo wá dé ibi tí ojú ṣì máa ń tì mí láti sọ. A ní àwọ̀ kan, Thioflavin T ni orúkọ rẹ̀. Bó bá wà nínú omi nìkan, kì í tàn. Bó bá rí okùn amyloid, á wọ àárín rẹ̀, á sì máa tàn. Nítorí náà, a máa ń po àwọ̀ náà mọ́ amyloid-beta nínú àwo oníhò 96, a gbé e sínú ẹ̀rọ ní ooru 37, ẹ̀rọ á máa ya ìlà: ìlà á kọ́kọ́ sùn sílẹ̀, nítorí okùn kò tíì bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á gbéra fùú, lẹ́yìn náà á dúró lókè. Nínú ihò tí mo fi oògùn mi sí, ìlà kò gbéra rárá. Ó sùn sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo pe bàbá mi ní Kàbà lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá, ó ṣiṣẹ́." Bàbá mi lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dúpẹ́ lórí mi.

Ọ̀gá mi wo ìlà náà títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé okùn ni kò sí ni, àbí àwọ̀ ni kò ríbi jókòó?" N kò lóye rẹ̀. Ó ní kí n mú okùn tó ti gbó, tó ti ń tàn dáadáa, kí n kán oògùn mi sí i, kí n dúró níbẹ̀. Mo kán an. Ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Okùn tó gba òru gbáko láti hun kò lè tú ní ìṣẹ́jú méjì. Oògùn mi ló lọ jókòó sí àyè Thioflavin, tó lé e jáde. A gbé omi kan náà sí abẹ́ ẹ̀rọ awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Okùn ló kún ibẹ̀, ó sùn lórí ara wọn bí koríko bẹẹrẹ tí wọ́n gé sílẹ̀ de àtikọ́lé.

Mo tún pe bàbá mi. Ìpè yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n jókòó jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí àwọ̀ kan bá sọ fún mi, mo máa ń wá ẹlẹ́rìí mìíràn tí kò bá a tan.

Mo yí ìlẹ̀kẹ̀ padà, mo fi lysine méjì, ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ́ràn omi, sídìí rẹ̀ kí ó lè yòrò nínú omi. Ẹ̀kẹta tí mo ṣe dá okùn dúró lóòótọ́, ẹ̀rọ awò náà jẹ́rìí sí i. A wá da àpòpọ̀ náà sórí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí a ń sìn nínú àwo. Sẹ́ẹ̀lì tó kú níbẹ̀ ju ti ibi tí okùn ti gùn dáadáa lọ.

Ó gba mi lóru mélòó kan kí n tó gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Okùn gígùn kọ́ ló burú jù. Àwọn ìdì kéékèèké tó wà láàárín ọ̀nà, tí ó jẹ́ ẹyọ mélòó kan péré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mọ́ra, àwọn ni wọ́n ń lọ da ara sẹ́ẹ̀lì láàmú, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ń bàjẹ́ ṣáájú. Oògùn mi dá wọn dúró síbẹ̀ gan-an, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá, kò sì dá wọn padà. Ẹ̀yin tó máa ń wọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà á mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró ní Ọ̀bàjànà, èrò kò tíì padà sílé. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bi ara wọn pé ibo lójú ọ̀nà ni mo ti dì í? Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni oògùn di mú, kí okùn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ okùn tó ti gbó ni ó bò, níbi tí ìdì tuntun ti máa ń hù jáde bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún tún wà. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí ara wa fi ń ṣe èròjà amúaradàgbà, àfi ẹyọ kan tí kò ní òsì tí kò ní ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ àti ti inú ikùn mọ ọlọ́wọ́ òsì, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹran tí a jẹ. Nítorí èyí, pẹ́pútáìdì lásán kì í pẹ́ nínú ara. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọlọ́wọ́ ọ̀tún ṣe é, bàtà ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fẹ́ wọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò ní bá wọn mu. Dieter Willbold àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì lo ọgbọ́n dígí láti wá tiwọn. Wọ́n ṣe amyloid-beta tó jẹ́ àwòrán inú dígí, wọ́n wá pẹ́pútáìdì ọlọ́wọ́ òsì tó dì mọ́ ọn láàárín ẹgbàágbèje tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì gbé, nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n wá ṣe àwòrán inú dígí ti pẹ́pútáìdì náà. Ohun tó dì mọ́ ayédèrú nínú dígí, àwòrán rẹ̀ á dì mọ́ ojúlówó. Láti ibẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń pè ní PRI-002 ti wá, ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó, ó sì ti dé ara ènìyàn nínú ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé àfojúsùn wọn ni láti tú ìdì kéékèèké ká sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí èrò padà sílé.

Mo mẹ́nu kan ẹnu nítorí ohun tó wà nílẹ̀ lónìí. Lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, kì í ṣe pẹ́pútáìdì, èròjà amúaradàgbà ńlá kan tó ń gbá amyloid kúrò ni. Ó dín bí àìsàn ṣe ń le sí i kù pẹ̀lú ìdá 27 nínú 100 láàárín oṣù 18. Kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n iṣan ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà á sí, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, a sì gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán ọpọlọ nítorí ó lè wú, ó lè ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ro ìyá arúgbó kan ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àjò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun kékeré tí a lè gbé mì, tó lè kọjá odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, tí ooru ilé oògùn wa kò ní bàjẹ́, tọ́ kí ẹnìkan lo ayé rẹ̀ fún.

Kàbà ni mo ń gbé báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì. Láàbù tí mo ní ni kọ̀ǹpútà kan àti sólà lórí òrùlé. Àwòrán okùn amyloid-beta oní-42, tí wọ́n yà ní 2017, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, 5OQV ni nọ́ńbà rẹ̀. Mo lè yí i lójú mi, kí n máa gbé abala tí mo fẹ́ ṣe sí etí rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: máàkì tí kọ̀ǹpútà ń fún oògùn máa ń fẹ́ràn ohun tó tóbi, pẹ́pútáìdì sì máa ń fì síbí fì sọ́hùn-ún tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í rí gbogbo ìrísí rẹ̀. Mo ti rí máàkì tó dára gan-an fún nǹkan tí kò lè yòrò nínú omi.

Àwọn ènìyàn máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí, ṣé oògùn ìgbàgbé yẹn ti jáde?" Mo máa ń sọ fún wọn pé rárá, kò tíì jáde láti ọwọ́ mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ọkàn ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Nígbà tí àìsàn Màmá Àgbà le, wọ́n a máa jáde lóru, wọ́n a máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, wọ́n a máa pe orúkọ àwọn tó ti kú. Àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé ọwọ́ wọn ni ikú àwọn ọmọ wọn ti wá. Ẹ ó mọ ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ kọ síbí. Wọ́n pe ìpàdé. Mo gbé kíjìpá kan tí Màmá Àgbà hun lọ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú àwọn bàbá, mo fi ìka tọ ojú rírán, mo ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, bí abala ṣe di abala mú nìyí. Nǹkan kan ń hun ara rẹ̀ báyìí nínú ọpọlọ wọn, wọn kò sì rán an níṣẹ́. Ọ̀nà ilé ló kọ́kọ́ dí mọ́ wọn, orúkọ wa tẹ̀ lé e." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé aṣọ náà, wọ́n fún etí rẹ̀ bí Màmá Àgbà ṣe máa ń ṣe, wọ́n fà á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa sùn sí yàrá wọn lóru, kí wọ́n sì kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìta.

Màmá Àgbà lo ọdún méjì sí i lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Ẹnikẹ́ni kò tún pè wọ́n ní nǹkan kan.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ mo ní abala oní-mẹ́fà kan tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, mo kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú kí etí rẹ̀ lè bá ti ojúlówó mu, mo sì ti dán etí kejì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan tó ní láàbù gidi máa bá mi ṣe mílígíráàmù márùn-ún. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe ránṣẹ́ sí i, kó tó fi ojú kan ìlà kankan: kí ó mú okùn tó ti gbó, tó ń tàn, kí ó kán an sí i, kí ó dúró níbẹ̀ kí ó máa wò ó.